Ẹja Tí Mo Dá Lẹ́bi

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ gbogbo ilé oúnjẹ tí mo bá ti jẹun sí. Ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń kọ ọ́. Ojú ewé kan wà níbẹ̀ tí mo fi bírò fa ìlà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò ya á dànù, torí òun ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀ nípa kí èèyàn jókòó ti àwo tí ẹlòmíràn sè, kó sì là á mọ́lẹ̀ pé ó dùn tàbí kò dùn.

Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni pé ẹja ilé oúnjẹ kan gbẹ bí igi, pé ọbẹ̀ tó bá a wá tẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má forí lé ibẹ̀. Mi ò fi mọ sínú ìwé. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fún wọn ní ìràwọ̀ 1 nínú 5, mo sì gbà lọ́kàn mi pé mo ṣe àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa jẹun lóore.

Ohun tí mi ò kọ ló pọ̀. Mi ò kọ ọ́ pé aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá kí n tó débẹ̀, tí wọ́n ti ń gbé àga lé orí tábìlì. Mi ò kọ ọ́ pé mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀, pé èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sì ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mi ò kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ti fi ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì àti ẹran ló máa dáa jù lásìkò yìí o," tí mo sì takú pé ẹja ni mo bá wá.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ẹ̀gbọ́n kan pè mí pé kí n wá bá wọn ṣe ọjọ́ìbí ìyàwó wọn. Alásè ni ẹ̀gbọ́n yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ohun tó lé ní 20 ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ilé oúnjẹ yẹn gan-an ni wọ́n mú, ẹja yẹn gan-an ni wọ́n sì ní kí wọ́n gbé wá fún gbogbo wa. Aago méje alẹ́ ni. Nígbà tí mo ti fọ́ọ̀kì bọ ẹja náà, ó ń ṣí ní ìpele ìpele, omi ara rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, awọ rẹ̀ gbẹ débi pé ó ń dún lẹ́nu. Ọbẹ̀ rẹ̀ kún ẹnu. Mo dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí ló dé? Ṣé egungun há ọ lọ́fun ni?"

Mo jẹ́wọ́. Wọn ò bú mi. Wọ́n rọra gbé fọ́ọ̀kì wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ gbọ́ ẹjọ́ ẹja kan ṣoṣo, lóru, pẹ̀lú ebi nínú, o sì dájọ́ fún gbogbo ilé."

Mo yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n tó sùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi òfin kan de ara mi: bí mi ò bá tíì débì kan lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò ní í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ará ìta. Kí ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn jẹ́ ọ̀sán, kí ọ̀kan jẹ́ alẹ́ tí èrò pọ̀, kí n má sì jẹ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì àfi bí mo bá ń yẹ ohun kan wò. Ìgbà tí mo wá ń kàwé nípa iṣẹ́ yìí ni mo rí i pé àwọn tó ṣáájú ti rìn ín. Ní 1957 tí Craig Claiborne di olóòtú oúnjẹ níbi ìwé ìròyìn New York Times, ìlànà tó fi lélẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń dájọ́ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n mọ òun, kí ìwé ìròyìn sì san owó oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ará Michelin náà ń kọ́? Ọdún 1900 ni àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, André àti Édouard Michelin, kọ́kọ́ tẹ ìwé wọn jáde ní ilẹ̀ Faransé fún àwọn awakọ̀, torí táyà ni wọ́n ń tà. Ní 1926 ni ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń yẹ́ ilé oúnjẹ tó dáa sí wọnú ìwé náà, ó sì di ọ̀kan, méjì, mẹ́ta ní 1931. Ohun márùn-ún ni àwọn olùbẹ̀wò wọn ń wò lónìí, gbogbo rẹ̀ ló sì dá lórí ohun tó wà nínú àwo. Aṣọ orí tábìlì, àga tó rọ̀, iná tó rẹwà, wọn kì í kà á mọ́ ìràwọ̀. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù nínú márààrún ni ìbéèrè yìí: ṣé bí oúnjẹ náà ṣe rí lónìí náà ló máa rí lọ́la, àti láti àwo kan dé òmíràn? Ẹni tó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ni yóò fi dá ìbéèrè yẹn lóhùn?

Ọ̀tá ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò ni ebi. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àti ọ̀rọ̀ òdodo náà. Bí ebi bá ń pa mí gan-an, ọ̀nà méjì ni mo ń gbà ṣìnà. Kí oúnjẹ tó dé, inú ń bí mi sí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Bó bá wá dé, ṣíbí àkọ́kọ́ á dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé màá fẹ́ yin ohun tí kò yẹ fún ìyìn. Obìnrin onímọ̀ kan, Barbara Rolls, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde ní 1981 tó fi hàn pé bí èèyàn bá ṣe ń jẹ ohun kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni adùn ohun náà gan-an ń dínkù lẹ́nu rẹ̀, tí oúnjẹ mìíràn tí kò tíì jẹ kò sì pàdánù adùn tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo mọ èyí ni mo yí bí mo ṣe ń kọ̀wé padà. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ṣíbí àkọ́kọ́, mo máa ń kọ òmíràn nígbà tí mo bá dé ìdajì, mo sì ń kọ ti ìkẹyìn nígbà tí àwo bá ṣófo. Oúnjẹ tó jẹ́ iyọ̀ àti ṣúgà nìkan ló gbé e ró máa ń gba ọ̀rọ̀ tó dáa níbẹ̀rẹ̀, ká tó dé ìparí ó ti sú ẹnu. Èyí tí alásè rò jinlẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa rí ohun tuntun nínú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ àwo. Nísinsìnyí, mo máa ń jẹ nǹkan díẹ̀ ní wákàtí méjì kí n tó jáde nílé. Ó ti gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe púpọ̀.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Mo ti jẹ ọbẹ̀ kan rí nínú ilé oúnjẹ tí orin ń bú gbàmù, mo kọ ọ́ pé iyọ̀ kò tó. Mo padà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ibẹ̀ dákẹ́, iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti tún un ṣe ni. Àfìgbà tí mo ka ìwádìí kan tó jáde ní 2011, tí wọ́n ti fún àwọn èèyàn ní oúnjẹ jẹ nígbà tí ariwo ń dún sí wọn létí: bí ariwo bá ṣe ga sí, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ àti adùn ṣúgà ń fà sẹ́yìn lẹ́nu wọn. Mi ò tún bá alásè wí nítorí iyọ̀ mọ́ bí mi ò bá lè gbọ́ ohùn ẹni tó jókòó kọjú sí mi.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́ mi lẹ́yìn náà, ó pọ̀, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi àwo tó le, tó ní orúkọ gígùn nínú mẹ́nù, sílẹ̀ ná. Ohun tó rọrùn ni kí n kọ́kọ́ bèèrè, torí kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. "Bí o bá fẹ́ mọ ọwọ́ alásè, ní kó dín ẹyin fún ọ." Mo rò pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹyin: funfun rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí 62 °C, pupa rẹ̀ sì ti dì tán tó bá tó nǹkan bí 70 °C. Àlàfo kékeré yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Alásè tó fi iná jágbe mọ́ ọn yóò gbé ẹyin tó yi bí rọ́bà wá, etí rẹ̀ á ti jó. Ẹni tó mọ iná yóò gbé èyí tó rọ̀, tó ń dán, tí omi kò sì jáde lára rẹ̀ sínú àwo.

Lẹ́yìn ẹyin, ọbẹ̀ olómi. Mo máa ń fi ṣíbí bu omi rẹ̀ nìkan, láìsí ẹran, láìsí ewé. Bí wọ́n bá se egungun fún ọ̀pọ̀ wákàtí, omi náà máa ń ní ara, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ètè díẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu lẹ́yìn tí èèyàn ti gbé e mì. Adùn tí mo ń sọ yìí, tí kì í ṣe ti iyọ̀, tí kì í ṣe ti ṣúgà, tí kò kan, tí kò korò, Kikunae Ikeda tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Japan ló fún un lórúkọ ní 1908, nígbà tó rí ohun tó ń mú un wá nínú omi ewéko òkun. Umami ló pè é. Bí alásè bá sáré, tó fi ìyẹ̀fun ki ọbẹ̀ náà kó lè dà bí ohun tó pẹ́ lórí iná, yóò nípọn lóòótọ́, àmọ́ ní kété tí ẹ bá gbé e mì, ẹnu á ti ṣófo.

Ẹran ni mo fi máa ń wo bóyá wọ́n ní sùúrù. Àwọ̀ pupa dúdú tó máa ń wà lójú ẹran tí wọ́n sun, àti òórùn rẹ̀ tó ń fa èèyàn, Louis-Camille Maillard, ará Faransé, ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní 1912. Ó nílò ooru gíga, bí ẹran bá sì tutù fún omi, tàbí tí wọ́n kó ẹyọ mẹ́wàá há inú páànù kan lẹ́ẹ̀kan náà, omi rẹ̀ ló máa bò ó, á wá di ẹran bíbọ̀ tí ojú rẹ̀ funfun. Mo lè wo àwọ̀ ẹran kan kí n mọ̀ pé èrò ti pọ̀ jù fún ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo tún máa ń gé e láàárín, kí n tọ́ inú rẹ̀ wò láìkan etí. Iyọ̀ tí wọ́n bù sí i lẹ́yìn tó jinná tán kì í wọ inú; ojú rẹ̀ á níyọ̀, inú rẹ̀ á tẹ́. Ní ti ohun dídín, imú ni mo fi ń dájọ́ kó tó kan ahọ́n. Òróró tí wọ́n ti lò lálòtúnlò ní òórùn tirẹ̀ tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀, bí òróró kò bá sì gbóná tó nígbà tí wọ́n da oúnjẹ sí i, ẹ fi ìwé nù ún wò, ẹ ó rí ohun tó mu.

Àṣìṣe kan wà tó gba mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sè nílé wa ni mo fi ń wọn gbogbo ayé. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti bàbá òun, bí mo sì ṣe ń jẹun kiri nìyẹn. Ní ọjọ́ kan mo dá àwo ewé kan padà pé ó ti kan. Ọkùnrin tó gbé e wá ní, "Ẹ má bínú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ọjọ́ mẹ́rin la fi rẹ ẹ́." Ojú tì mí. Mo ní kó gbé e padà wá, mo tún jókòó tì í, mo wá ń bi ara mi ní ìbéèrè mìíràn: kí ni àwo yìí fẹ́ jẹ́, ṣé ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀? Kíkan rẹ̀ mọ́ lẹ́nu, ó ń dún lábẹ́ eyín, ó sì ń gé ọ̀rá ẹran tó bá a wá. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Síbẹ̀ iṣẹ́ gidi ni, ohun tí mo sì kọ nìyẹn. Fífẹ́ràn mi ọ̀tọ̀, dídáa oúnjẹ ọ̀tọ̀.

Kí wọ́n mọ èèyàn náà léwu. Ní ilé oúnjẹ kan tí mo ti kọ ohun rere nípa rẹ̀, olówó ibẹ̀ wá dá mi mọ̀. Láti ìgbà náà, ẹran tèmi máa ń tóbi ju ti àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oúnjẹ mi kì í pẹ́. Ó dùn mọ́ mi fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rí i pé mi ò mọ ohun tí ibẹ̀ ń gbé fún aráyé mọ́. Ruth Reichl, tó ń dájọ́ oúnjẹ fún New York Times nígbà náà, ṣe ohun tó ṣòro ní 1993: ó fi irun àtọwọ́dá àti aṣọ pa ara rẹ̀ dà lọ sí ilé oúnjẹ ńlá kan ní New York, wọn ò kà á sí, ó tún lọ nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣe é bí ọba. Ìtàn méjèèjì ló kọ síwájú àwọn òǹkàwé, ó sì yọ ìràwọ̀ 1 nínú 4 tí ilé náà ní. Èmi kì í wọ irun àtọwọ́dá. Àwo àwọn tó jókòó yí mi ká ni mo máa ń wò, mo sì máa ń san owó mi pé, kódà bí wọ́n bá ní kí n fi sílẹ̀.

Bí nǹkan bá ṣe àṣìṣe, orí tábìlì ni mo ti ń sọ ọ́ báyìí, kí n tó sọ ọ́ níbòmíràn. Iyọ̀ já ọbẹ̀ kan lọ́jọ́ kan, mo rọra sọ fún ẹni tó gbé e wá. Alásè jáde, ó tọ́ ọ wò níwájú mi, ó dijú. Èèyàn méjì ló ti bu iyọ̀ sí ìkòkò náà láìmọ̀ pé ẹnì kejì ti bù ú. Ìkòkò yẹn kò tún jáde kúrò ní ilé ìdáná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní mo dákẹ́ tí mo lọ kọ ọ́ sórí fóònù ni, gbogbo àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ni ì bá jẹ ẹ́. Ìràwọ̀ tí à ń tẹ̀ lórí fóònù yẹn sì wúwo ju bí ìka wa ṣe rò lọ. Michael Luca, onímọ̀ kan tó wà ní Yunifásítì Harvard nígbà náà, wo owó tó wọlé fún àwọn ilé oúnjẹ ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ó sì sọ ní 2011 pé bí ìràwọ̀ kan bá lé sí ti ilé oúnjẹ kan lórí Yelp, ìkànnì tí àwọn oníbàárà ti ń fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀, owó tó ń wọlé fún un ń fi ìdá 5 sí 9 nínú 100 pọ̀ sí i. Àwọn ilé oúnjẹ tí kò ní ẹ̀ka kiri ló kàn jù. Ẹni tó ń fọ àwo wà nínú iye yẹn.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mi ò kì í dúró de ẹ̀ẹ̀mẹta fún: ohun tó lè pa èèyàn lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere pé kí oúnjẹ sísè tó fẹ́ dúró gbóná wà ní ohun tó ju 60 °C lọ, kí èyí tó fẹ́ dúró tutù má tó 5 °C, kó má sì lò ju wákàtí 2 lọ nílẹ̀ lásán. Bí mo bá rí oúnjẹ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún ẹni gbogbo, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí mo sì tún bá a níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, mo máa ń pe ọ̀gá ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò ní í jẹ ẹ́, mi ò sì ní í dákẹ́.

Mo padà sí ilé ẹlẹ́ja yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, èmi nìkan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Ọmọbìnrin yẹn ló ṣì wà níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dáa jù lásìkò yìí, ó ní ìrẹsì àti ẹran, mo ní kó gbé e wá. Ó dáa lóòótọ́. Nígbà tí mo jẹun tán, mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ ẹja yẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ni wọ́n kà á. Ó ní alásè àgbà ti lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló se ẹja náà, kò sì fẹ́ fọwọ́ kan ẹja mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo ní ṣé ó wà nílé. Ó wà. Ó jáde wá, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹja kan ṣì kù. Bí ẹ bá lè dúró, màá sè é."

Mo dúró. Nígbà tó gbé e dé, mo ní kó fa àga jókòó, mo gba fọ́ọ̀kì kejì fún un. Àárín ẹja náà dáa, omi rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Apá ìrù rẹ̀ gbẹ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ó tọ́ ọ wò. "Ìrù ló fẹ́lẹ́ jù, òun ló ń kọ́kọ́ jinná," ó ní. "Lọ́la màá ká a sábẹ́ kó tó kan iná."